Ilẹ̀kùn Tó Ń Ké

Oṣù kọkànlá ni bàbá mi ṣubú lórí àtẹ̀gùn yàrá abẹ́ ilẹ̀,
kò sọ fún ẹnikẹ́ni.
Èmi ni mo rí ibi tí ẹ̀jẹ̀ dì sí lábẹ́ apá ẹ̀wù rẹ̀,
ó dúdú láàárín, etí rẹ̀ ń pọ́n.
"Igi ìdáná ló gbá mi," ó wí,
ó sì fa apá ẹ̀wù sílẹ̀ bí ẹni ń ti fèrèsé.

Eino ọmọ Matti, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin,
tó fi ogójì ọdún da òkúta irin sínú ọkọ̀ ní èbúté Duluth,
tó kọ́ ilé ìwẹ̀ olóoru sẹ́yìnkùlé kó tó kọ́ yàrá ìdáná,
nítorí Lempi ìyá mi ní òun lè jẹun níta,
ṣùgbọ́n òun ò lè wẹ̀ nínú òtútù.
Ọdún mẹ́fà rèé tí Lempi ti lọ.
Bàtà rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.
Bàbá mi ń nu eruku rẹ̀ ní gbogbo Sátidé.

Mo mú ìwé pẹlẹbẹ wá láti ilé àwọn àgbà tó wà létí adágún:
àwòrán arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín, eyín funfun báláú.
Ó fi í sábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì.
Mo mú òmíràn wá. Ó fi í dáná.
Reino àbúrò mi pè láti Arizona: "Sọ fún un pé dandan ni."
Dandan!
Ìwọ tó wà níbi tí kò sí yìnyín, wá sọ ọ́ fún un.

Wọ́n ní òkété tó bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu.
Bàbá mi ò jẹ́ kí n bá òun so okùn bàtà.

Ìkòkò kọfí ti jóná lẹ́ẹ̀mẹta.
Mo yẹ ike oògùn wò: ti Ọjọ́rú wà níbẹ̀, ti Ọjọ́bọ̀ wà níbẹ̀,
bẹ́ẹ̀ Ọjọ́ Àìkú la wà.
N kò sọ̀rọ̀. Mo fọ ìkòkò.
Mo ń ha ẹ̀kan inú rẹ̀, mo ń bi ara mi pé
ta gan-an ni mo fẹ́ kó rí oorun sùn, òun àbí èmi?

Nínú oṣù kẹta mo ní, "Ká kàn lọ wò ó. Wíwò kì í ṣe rírà."
Ó wọ kóòtù tó fi sin ìyá mi.
Mo rí i, mo dákẹ́.
Ogún ìṣẹ́jú ló fi jókòó nínú mọ́tò níwájú ibẹ̀,
ó ń wo adágún. Yìnyín orí omi ń là,
ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fa pákó ya.
"Òórùn ọbẹ̀ ni irú ibí yìí máa ń rùn."
A wọlé. Òórùn ọbẹ̀ ni lóòótọ́.
Doreen, òṣìṣẹ́ ibẹ̀, fi yàrá hàn wá:
bẹ́ẹ̀dì kan, fèrèsé kan,
okùn pupa kan tí èèyàn ó fà bó bá ṣubú.
Bàbá mi wo okùn náà títí, ó wò mí.
Ó mọ̀ pé mo mọ̀.

Ilẹ̀kùn yàrá ìjẹun ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ.
Kíìn. Kíìn. Arúgbó kan ń wọlé, òmíràn ń jáde.
Bàbá mi dúró, ó tẹ́tí,
ó tọwọ́ bọ àpò kóòtù ìsìnkú, ó yọ súkúrúdíráfà.
Ta ní í mú súkúrúdíráfà lọ wo ilé?
Ó kúnlẹ̀. Ọkùnrin kan lórí àga onítáyà
bá a di ilẹ̀kùn mú, wọ́n sì ń bú ẹni tó kọ́kọ́ kan án.
Nígbà tó dìde, orúnkún rẹ̀ ké ju ilẹ̀kùn lọ.

"Èyí ò ní kí n gbà o," ó wí nínú mọ́tò.
Mo ní mo mọ̀.

Lánàá, aago mẹ́wàá alẹ́, fóònù dún. Kò kí mi.
"Marlys, ilẹ̀kùn yẹn. Híńjì òkè ti jẹ, kò ní pẹ́ tún ké.
Ta ló wà níbẹ̀ tó lè tún un ṣe?"
Mo ní n kò rò pé ẹnì kankan wà.
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ bí igi ti ń ta nínú ààrò rẹ̀.
"Hùn-ún," ó wí.
Ó tún pẹ́ díẹ̀.
"Hùn-ún."